Ilà Pupa Lẹ́yìn Ilé Ruona

Kálàmù ẹ̀rọ tó ń ya máàpù náà tún dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì bébà, ó sáré tẹ̀lé etí òpópónà, ó yà sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fa ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tán. Ìgbà tó yẹ kó gbéra kó lọ mú ilà pupa ló dúró, tí ẹnu rẹ̀ kan bébà, tí íǹkì sì ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Aili Ruona yára gbé e sókè kó tó lu bébà já. Kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ kò wí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ dúró gbagidi. Èèyàn lè tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí ọwọ́ á fi bó, kò ní dáni lóhùn.

"Ó tún ti kú?" Clayton Trevarrow ló béèrè láti inú yàrá kejì. Òun ló ni ọ́fíìsì náà, awọnlẹ̀ ni, àwọn bàbá bàbá rẹ̀ sì ti Cornwall lókè òkun wá sí apá òkè ìpínlẹ̀ Michigan nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa wíwa irin.

"Ó ti kú, ọ̀gá."

"Ṣé o bẹ̀ ẹ́?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u pẹ̀lú."

"Ní èdè Finland?"

"Èdè wo ni mo tún fẹ́ fi bú u?"

"Ohun tó fà á nìyẹn. Àwọn ará California ló ṣe é. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó o sọ."

Aili fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Ọjọ́bọ̀ ni, yìnyín ti di ojú fèrèsé dé àárín, máàpù yìí sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì káńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Máàpù Àdúgbò Salmi ni. Ilé iṣẹ́ tó ń wa irin níbẹ̀ láyé àtijọ́ ló kọ́ àwọn ilé àdúgbò náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó kọ́ wọn sórí ilẹ̀ kan náà tó ń gbẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí irin tán, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Omi kún inú ihò, òpó igi tó gbé òrùlé ihò dúró ń jẹrà, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gáréèjì kan wọlẹ̀ tòun ti ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fa ilà pupa kan yí ilẹ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo ká. Ilé tí ilà náà bá fọwọ́ kàn, ì báà ṣe igun kan péré, ìjọba á rà á, á wó o, á sì kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ilé tí kò bá kàn, kí ẹni tó ni ín máa bá a gbé. Bí máàpù Trevarrow kò bá sì dé lásìkò, máàpù àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ irin náà yà kó tó gbẹ́ apá ìkẹyìn ni káńtì máa lò.

Ilé tí Aili àti Eino bàbá rẹ̀ ń gbé wà ní etí ilẹ̀ náà gan-an. Iṣẹ́ kan ń dúró dè é ní ìlú Duluth, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán èbúté, wọ́n sì ti ní àwọn á dúró títí yìnyín á fi yọ́. Kò sí ẹni tó máa ra ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó ń rì, kò sí báńkì tó máa yá èèyàn lówó láti rà á. Eino sì ti sọ tirẹ̀. "Ìjọba nìkan ló lè lé mi jáde níbí. Bí wọ́n bá wá, màá gbé àga mi, màá tẹ̀ lé wọn. Bí wọn kò bá wá, ìwọ náà má bá mi sọ ọ́ mọ́." Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kú sínú ihò kùsà, kò lè kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Aili kò lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó lọ. Àfi kí ilà pupa náà kan ògiri ilé wọn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń tọrọ nìyẹn látìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ó mọ ohun tó ń tọrọ, kò fi ojú kọ̀ǹpútà fẹ ibẹ̀ tóbi wò rí. Ẹ̀rù ń bà á.

Ó jókòó, ó tún ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ rẹ̀ gan-an, ègé dúdú kan wà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò sí i lọ́tùn-ún lósì bíi ti ọ̀kùn. Ìṣirò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọpọlọ bá pàdé ìṣirò tó le, á nà án sí i, á sì dúró. Ègé náà á ṣe é kíá, á dá èsì padà. Oníṣirò ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì Trevarrow. Ètò méjì ni Aili sì ń lò nínú kọ̀ǹpútà náà. Èyí àkọ́kọ́ ló fi ń ya máàpù sójú kọ̀ǹpútà. Kò ní ṣí rárá bí kò bá rí Oníṣirò. Èkejì ló ń gba máàpù tó ti yà, tó sì ń darí kálàmù lórí bébà. Ètò kálàmù yìí ti pẹ́, ìran Oníṣirò tó ti kọjá lọ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ilà tó bá tọ́ gbọọrọ kì í fún un ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi tí ilà ti fẹ́ yí kọ́rọ́, á bi Oníṣirò tuntun yìí ní ìbéèrè ní ọ̀nà àtijọ́, á wá dúró de èsì tí kò ní wá láéláé.

Ó pe àwọn tó ta ètò kálàmù fún wọn.

"Ẹ yọ ègé ìṣirò yẹn kúrò," ni ọkùnrin tó gbé fóònù wí. "Ètò wa lè ṣe ìṣirò fúnra ẹ̀. Á kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

"Ètò tí mo fi ń yàwòrán ò ní ṣí bí mo bá yọ ọ́."

"Ìyẹn kì í ṣe tiwa, mádáàmù. Ẹ pe àwọn tó ni ín."

Ó pe àwọn tó ni ín. Obìnrin kan tó ń jẹ nǹkan lọ́wọ́ ló dáhùn. "Ètò kálàmù wo? Háà, àwọn yẹn. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ ra òmíràn."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó."

"Hẹn-ẹ̀n," ni obìnrin náà wí, ó sì ń jẹ nǹkan rẹ̀ lọ.

Trevarrow ti jáde wá, páì ẹran, irú tàwọn ará Cornwall, wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Ẹni kan ní kí n yọ ọ́. Ẹnì kejì ní kí n má yọ ọ́."

"Ìyàwó mi àti ìyá ẹ̀ nìyẹn." Ó bu páì náà jẹ, ó wo inú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Kárọ́ọ̀tì ló wà nínú eléyìí. Ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn yín ni wọ́n ti rà á. Ẹ̀yin ará Finland yìí, ẹ wá bá wa nídìí iṣẹ́ kùsà, a ò bínú. Ẹ wá kó kárọ́ọ̀tì sínú páì wa."

"Ẹ gbé e wá kí n bá yín jẹ ẹ́."

"Mi ò ní mi ò jẹ ẹ́."

Aili tọ́jú máàpù náà sínú díìsìkì, ó pa kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara irin àpótí náà kí iná kékeré tó máa ń wà lára aṣọ òtútù lè bá ibẹ̀ lọ, nítorí iná yẹn lè pa Oníṣirò láìdún. Lẹ́yìn náà ó ti irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ rẹ̀, ó gbé e díẹ̀ níhìn-ín, ó gbé e díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé. Ó jáde. Ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lára rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mú tún un nà. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba títẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dá.

Ó dé ìdérí padà, ó tẹ́ bébà tuntun, ó ní kí ètò kálàmù bẹ̀rẹ̀. Kálàmù rìn. Ó ń rò kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó rìn. Ó fa òpópónà, ó fa ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ dá kálàmù dúdú padà sáyè rẹ̀, ó mú pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilẹ̀ tó ṣófo náà ká láìdúró. Aili dìde. Ilà náà gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ó gba àárín pápá, ó dé ẹ̀yìn ilé wọn. Kò kọjá lẹ́yìn ilé náà. Ó gba igun ògiri wọlé, ó gba inú yàrá tí Eino ń sùn sí, ó tún jáde.

Aili kò mọ̀ pé òun ti di etí tábìlì mú.

Trevarrow náà ti rí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Lọ sọ fún Eino pé kó lọ wá àga tó fẹ́ gbé."

Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí Màmá Ilma Kangas wọlé, tó ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà. Opó ni, ilé rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá ra oògùn nígboro, ó ní òun kò lè kọjá láìyà.

"Ọmọ Eino, ẹ̀rọ yín ti sọ̀rọ̀ àbí ó ṣì ń ya odi?"

"Ó ti sọ̀rọ̀, màmá. Ẹ wá wò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé òpópónà títí ó fi dé ilé rẹ̀. Ilà pupa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kò kàn án.

"Ìta ni mo wà?"

"Ìta lẹ wà," ni Trevarrow wí.

Màmá Ilma kò tètè gbé ìka kúrò. "Ilẹ̀ kíṣìnì mi máa ń dún láàárọ̀ bí inú ẹni tí ebi ń pa. Àwọn ọmọ yẹn ní bàbá àgbà wọn ló ń wá bàtà ẹ̀ nísàlẹ̀."

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá kú sí," ni Aili wí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní ó tún sọ̀kalẹ̀ lọ ni." Ó nàró, ó tún gèlè irun àgùntàn orí rẹ̀ so. "Kò burú. Bí ẹ̀rọ bá ní kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Ẹ̀rọ kì í mutí bíi ti àwọn tó gbẹ́ ihò yẹn. Ẹ̀yin wà nínú, àbí? Inú mi dùn sí i, Aili. Ó ti pẹ́ tó o ti ń tọ́jú bàbá yẹn."

Aili kò lè wò ó lójú. Ilé Màmá Ilma tó wà lórí bébà ló ń wò, kó má bàa wo ojú obìnrin náà. Bó ṣe ń wò ó báyìí ló rí i pé igun ilé náà kò gún. Ilé onígun mẹ́rin ni, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn di okùn mú nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Lórí bébà yìí, ó wọ́ bí àpótí tí ẹnì kan jókòó lé. Ó wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọ́ pẹ̀lú. Ó wá wo ilà pupa náà láti itòsí, ó rí i pé kò yí bó ṣe yẹ; ó ń fò, ó ń fò, bí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Màmá Ilma lọ tán, Aili tún ṣí kọ̀ǹpútà, ó dá Oníṣirò padà sáyè rẹ̀, ó ṣí ètò àkọ́kọ́. Ó wá ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe látọjọ́ yìí, ó fẹ ibẹ̀ tóbi. Ilà pupa kọjá lẹ́yìn ilé wọn, ó súnmọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi ní lè gba àárín wọn kọjá láìfara kàn án, ṣùgbọ́n kò kàn án. Ó lọ sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilà kan náà gba inú kíṣìnì Màmá Ilma.

Ó pe Trevarrow, ó fi hàn án.

"Báwo ló ṣe jìnnà síra tó?"

"Bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Níbòmíràn, mẹ́rin."

Trevarrow fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ilẹ̀ kì í ka máàpù kó tó rì, Aili. Àwa gan-an tá a wọ̀n ọ́n nínú òtútù, ṣé a dá ara wa lójú tó bẹ́ẹ̀?"

"A dá ara wa lójú, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó wo ojú fèrèsé tí yìnyín dí. "Òótọ́ ni. A dá ara wa lójú." Ó yíjú padà sí i. "Kí la wá fẹ́ ṣe? Bí Oníṣirò bá wà nílé, kálàmù ò rìn. Bó bá jáde, kálàmù ń purọ́. Mo lè fọwọ́ fà á, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjà tí wọ́n ti jà lórí máàpù ilé iṣẹ́ irin, káńtì ò ní gba ilà tí ọwọ́ kàn. Èyí tó wà lórí tábìlì yẹn, ẹ̀rọ ló fà á. Bó o bá gbé e wá, màá fọwọ́ sí i. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn, ó sì padà sínú yàrá rẹ̀.

Aili jókòó sáàárín bébà àti kọ̀ǹpútà. Bébà náà ti gbẹ. Kò sí ohun tó ní láti ṣe ju kó ká a lọ. Ó gbìyànjú láti ronú nípa Duluth, nípa ọ́fíìsì tó wà lókè omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kíṣìnì tó ń dún ló ń gbọ́. Ó wá ń bínú sí ètò kálàmù náà bí ẹni ń bínú sí èèyàn. Kí ló dé tí kò fi lè ka nọ́ńbà bó ṣe rí?

Láti inú yàrá, ó ń gbọ́ Trevarrow tó ń bá Wendell, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó wà lórí pápá, sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Wendell ń pe nọ́ńbà ibi tó dúró sí, Trevarrow ń pè é padà. "Méjì, mẹ́jọ, mẹ́rin, àmì, mẹ́fà. Mo gbọ́."

Aili gbórí sókè. "Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í pe nọ́ńbà yẹn tán?"

"Pè é tán bíi báwo?"

"Nọ́ńbà ìjọba gùn. Ìrù ẹ̀ nìkan lẹ̀ ń pè."

"Orí gbogbo wọn kan náà ni. Ta ló fẹ́ dúró nínú yìnyín kó máa pe orí kan náà látàárọ̀ dalẹ́? A ti mọ̀ pé Salmi la wà."

Aili yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti pàṣẹ pé láti ibì kan tó jìnnà réré ni kí gbogbo máàpù máa ka ìwọ̀n wọn. Nítorí náà, gbogbo igun ilé ní Salmi ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Òun ló tẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, lódindi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ wí. Oníṣirò ní àyè fún nọ́ńbà gígùn. Ṣùgbọ́n bí ètò kálàmù bá ń dá ìṣirò ṣe, àyè kékeré ló ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, bíi ìjókòó inú bọ́ọ̀sì. Orí ló kọ́kọ́ ń wọlé, ó ń gba ìjókòó tán, ìrù á sì kù síta. Ìrù yẹn sì ni ẹsẹ̀ bàtà méjì, mẹ́ta. Bó bá tún yí máàpù náà kó lè bá bébà mu, á tún gé e lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sí ohun tó ṣe Oníṣirò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ṣe ètò kálàmù. Orí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ló yẹ kó bọ́.

Inú rẹ̀ dùn, ó dùn gidi, bó ṣe máa ń dùn bí nǹkan tó há bá já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó rántí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òun. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ tún ń lọ. Ó ní kí ètò àkọ́kọ́ yọ iye kan náà kúrò lára gbogbo nọ́ńbà máàpù náà, kó sún gbogbo Salmi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo láìyí bí ilé kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ó kọ orí tó gé náà sí ìsàlẹ̀ máàpù kí káńtì lè mọ̀. Ó tọ́jú rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ, ó yọ Oníṣirò. Ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dá lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e sọ́wọ́, ó wò ó, ó fi í sínú àpótí. Kò sí pípadà mọ́.

Kálàmù rìn. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì gún. Ilà pupa yí kọ́rọ́ bí odò, ó gba inú kíṣìnì Màmá Ilma, ó gba pápá, ó dé ẹ̀yìn ilé Ruona, ó sì kọjá lọ.

Trevarrow wá dúró ti bébà náà. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ẹ̀yìn ilé wọn.

"O mọ ohun tí èyí ṣe fún ẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"O lè ti ká ti àkọ́kọ́ kó o gbé e wá."

"Ẹ fọwọ́ sí i, ọ̀gá, kí ọ̀nà tó dí."

Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì wa ọkọ̀ gbé e lọ.

Nígbà tí Aili délé, Eino ń fi iyọ̀ ra ẹja lórí tábìlì. Kò gbórí sókè.

"Ìta la wà," ni Aili wí.

"Mo ti mọ̀. Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Kò jìnnà rárá, Bàbá."

"Bí kò bá sáà ti kàn wá." Ó da iyọ̀ sí i. "Duluth ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Duluth?"

"O lè lọ. Mi ò so ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Ta ló máa kó yìnyín?"

Eino ya ẹja tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún un. Aili jókòó síwájú rẹ̀ láìbọ́ aṣọ òtútù, ó sì ń bá a nu ọbẹ.

Kí yìnyín tó yọ́ tán, ọkọ̀ ìjọba ti wá kó ẹrù Màmá Ilma. Àwọn ọmọ náà jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó máa fi wáyà ṣọgbà yí ilẹ̀ tó ṣófo náà ká dé. Wọ́n mú máàpù dání, wọ́n sì ri òpó irin mọ́lẹ̀ síbi tí ilà pupa gbà gan-an, wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì. Nígbà tí wọ́n parí, Aili lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé láti wo iṣẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn náà ṣí ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó gbá wáyà, ó dúró. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Wáyà náà tẹ̀ díẹ̀, ó sì tì í padà.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó gba iwájú jáde lọ síbi iṣẹ́.